Okùn Àwọ̀n Yìí Ni Kó O Fi Wọn Ara Ẹ

Ọmọ́wùmí, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Kó o tó ka ìlà kejì, jẹun. Ẹja yíyan wà nínú páálí tí awakọ̀ gbé fún ẹ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Pupuru wà níbẹ̀ náà, ìyá ẹ ló dì í. Gbé omi kaná, ro ó, jẹ ẹ́ tán, kó o wá padà wá jókòó. Mo lè dúró dè ẹ́. Lẹ́tà kì í tutù.

Ṣé o ti jẹun? Ó dáa. Tó bá jẹ́ pé o ò tíì jẹun tó o ṣì ń kà á lọ, a jẹ́ pé olóríkunkun ni ẹ́. Ọ̀dọ̀ mi lo ti jogún ẹ̀, nítorí náà mi ò lè bínú jù.

Mo mọ̀ pé ó máa yà ẹ́ lẹ́nu pé èmi ni mo jókòó kọ lẹ́tà. Ìgbà tí mo kọ lẹ́tà gbẹ̀yìn, ìyá ẹ ni mo kọ ọ́ sí, ìwọ sì ni èsì tí mo rí gbà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà yẹn, mo ti já kúrò ní fọ́ọ̀mù tírì, mo sì rò pé mo mọ gbogbo nǹkan. Mo ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì báyìí, mo sì ti rí i dájú pé mo mọ gbogbo nǹkan lóòótọ́. Àwọn tó bá rí èmi pẹ̀lú ẹ ní èbúté ṣì máa ń bi mí pé ṣé àbúrò mi ni ẹ́. Má jẹ́ kí ẹwà mi tàn ẹ́ jẹ. Bàbá ẹ ni mí, ọ̀rọ̀ bàbá ni mo sì fẹ́ sọ.

Mo pè ẹ́ lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹnu mi ò tíì kúrò lórí oúnjẹ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Àkúrẹ́ fi bàjẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn kan náà máa ń mọ́ gaara tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ fóònù tuntun là ń sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Lẹ́tà ò ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á.

Ìyá ẹ ti sọ gbogbo ẹ̀ fún mi. Má bínú sí i, èmi ni mo yọ ọ́ lẹ́nu títí tó fi jẹ́wọ́. Ó ní màdáámù tó ni ilé ìdárayá tó gbà ẹ́ síṣẹ́, pé kó o máa kọ́ àwọn obìnrin ní ìlúwẹ̀ẹ́, ní kó o bọ́ bàtà, kó o gun ẹ̀rọ kan. Ẹ̀rọ náà ní tí wọ́n bá pín ara ẹ sọ́nà ọgọ́rùn-ún, ọgbọ̀n jẹ́ ọ̀rá. Màdáámù ní àfi kó di méjìdínlógún láàárín oṣù mẹ́ta, torí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò ẹ, wọ́n fẹ́ gbé e sára pátákó ńlá iwájú ilé. Ó ní ara ẹ ni pátákó wọn. Láti ìgbà yẹn, kùkúmbà àti omi gbígbóná lò ń jẹ. Ó ti tó oṣù méjì tí o ò rí nǹkan oṣù ẹ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, òòyì kọ́ ẹ nínú omi, obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ sì rọ̀ mọ́ ẹ lọ́rùn.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí oṣù mẹ́ta náà pé.

Nítorí obìnrin tó rọ̀ mọ́ ẹ lọ́rùn yẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé. Tí kì í bá ṣe tiẹ̀ ni, mi ò bá kàn rẹ́rìn-ín ìwọ àti kùkúmbà ẹ. Ẹ̀yin ọmọ odò mọ̀ pé ẹni tó ń rì kì í rì nìkan. Nítorí náà gbọ́ mi. Wọ́n ní ẹni tó bá jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará ìyókù lọ́gbọ́n. Èmi ti jìn sí púpọ̀, ìwọ ni ará ìyókù.

Àkọ́kọ́. Òṣùwọ̀n ò mọ nǹkan tó wà nínú àpò.

Nígbà tí mo wà ní ogún ọdún, bí ọjọ́ orí ẹ báyìí, kò sí ọmọkùnrin tó lágbára tó mi láti Ayétòrò dé Igbókòdá. Mi ò purọ́. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí èèyàn méjì máa ń gbé, èmi nìkan ni mo ń gbé e léjìká jáde látinú omi, màá sì máa súfèé lọ. Ikùn mi le bíi pákó ọkọ̀. Nígbà yẹn, a máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ra edé ní Igbókòdá, níbi tí wọ́n so òṣùwọ̀n kọ́ sára igi òrùlé. Tí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù bá ti kọ ẹ̀yìn, a máa di ìkọ́ ẹ̀ mú, a máa rọ̀ dirodiro bí ọ̀bọ, ká lè mọ ẹni tó wúwo jù. Kílò méjìlélọ́gọ́rin ni mí. Mo fi ń yangàn kiri bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ.

Nígbà tó yá, mo ra ọkọ̀ tèmi, ibẹ̀ ni ìwà òmùgọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Mo wò yí ká, mo rí i pé gbogbo awakọ̀ tí èrò ń bọ̀wọ̀ fún ló ní ikùn. Tí èrò bá dé èbúté, wọ́n á wo ọkọ̀, wọ́n á wo awakọ̀. Tí awakọ̀ bá rí pẹ́lẹ́bẹ́, wọ́n á ní ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ló ń wà, wọ́n á bọ́ sínú ọkọ̀ ẹlòmíì. Mo ní ó tán, èmi náà máa ní ikùn. Mo mú un níṣẹ́ ni o. Pupuru òkìtì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mílíìkì inú agolo lórí rẹ̀. Mi ò sì gbé ẹ́ńjìnnì mọ́, mo ní ọ̀gá kì í gbé ẹrù.

Ìyá ẹ sọ̀rọ̀ títí ó rẹ̀ ẹ́. Mo fà á lọ́wọ́ dé ṣọ́ọ̀bù elédé yẹn, mo rọ̀ mọ́ ìkọ́ lójú ẹ̀. Kílò méjìlélọ́gọ́rin géérégé. Mo ní ṣé ó rí i báyìí, mi ò fi ẹyọ kan lé ti àtijọ́.

Ìyá ẹ wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, "Kílò yẹn náà ni lóòótọ́. Ó kàn kó kúrò ní èjìká, ó wá ń gbé ní ikùn."

Mo ní ìlara ló ń ṣe é.

O mọ èyí tó tẹ̀ lé e, torí o wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, ọmọ ọdún méjìlá. Àmọ́ ẹ̀rín ò jẹ́ kó o rí i dáadáa, jẹ́ kí n tún un sọ. A ti dé ẹnu òkun, níbi tí omi odò ti ń bá omi òkun jà. Awakọ̀ tó gbọ́n máa jókòó níbẹ̀. Èmi dìde dúró, torí àwọn omidan kan wà níwájú ọkọ̀, mo sì fẹ́ kí wọ́n rí bí mo ṣe ń darí ọkọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kan. Ìgbì gbá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì gbé mi jù sómi.

Mo léfòó. Àbẹ̀kẹ́, mo léfòó dáadáa. Mo sùn sójú omi bí ike tó ń gbé àwọ̀n dúró. Ọ̀rá kì í rì, ìwọ olùkọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ mọ ìyẹn jù mí lọ. Àmọ́ kéèyàn léfòó kọ́ ni iṣẹ́. Iṣẹ́ ni kó gbé ara ẹ̀ padà sínú ọkọ̀. Mo di etí ọkọ̀ mú, mo fa ara mi sókè, ikùn mi kọ́ etí ọkọ̀, mo padà sómi. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Apá tó ń gbé ẹ́ńjìnnì nígbà kan ò lè gbé èmi fúnra mi mọ́, ẹ̀rù sì ti ń bà mí nígbà yẹn, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Àwọn ìyá elédé mẹ́ta ló gbá ṣòkòtò mi mú láti ẹ̀yìn. Ṣòkòtò dé inú ọkọ̀ ṣáájú mi.

O mọ òfin èbúté wa. Awakọ̀ tí èrò bá fà jáde lómi ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì fún ọjọ́ méje. Àárín èrò ló máa jókòó sí, á sanwó ọkọ̀ bíi tiwọn, nínú ọkọ̀ ara ẹ̀. Mo jókòó ọjọ́ méje. Wọ́n sọ mí ní Àpò Edé. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá yẹn máa ń bi mí láràárọ̀ pé, "Àpò Edé, ṣé o ti gbẹ dáadáa lónìí, àbí wọ́n tún wọ́n omi sí ẹ?"

Àwàdà ìyá yẹn ló là mí lójú, mo sì ń fún ẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Àpò edé méjì lè wúwo bákan náà. Edé gbígbẹ wà nínú ọ̀kan, èkejì jẹ́ edé tí oníjìbìtì wọ́n omi sí. Òṣùwọ̀n á kí àwọn méjèèjì bákan náà, kò mọ ìyàtọ̀. Kílò tí mo jẹ́ lógún ọdún jẹ́ ẹran ara àti eegun. Kílò tí mo jẹ́ lọ́dún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n jẹ́ pupuru tó sùn sí ikùn mi. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ iye kílò ẹ fún ẹ ò tíì sọ nǹkankan fún ẹ. Mo mọ̀ pé màdáámù ẹ máa sọ pé ohun tó jẹ́ kóun ra ẹ̀rọ tó ń ka ọ̀rá nìyẹn. Mò ń bọ̀ wá bá a níbẹ̀.

Èkejì. Má pe gbogbo ọ̀rá lọ́tàá. Béèrè ibi tó ń gbé.

Láàárín ọjọ́ méje ìtìjú yẹn, mo lọ bá Nọ́ọ̀sì Ṣìfáwù, ẹni tí ọkọ ẹ̀ ń ta ẹja ní ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí, ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà létí odò wa. Ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, ó yí ojú, ó tún un wọ̀n. Ó ga. Ó wá tẹ́ẹ̀pù ẹ̀ títí, kò rí i. Mo mú okùn àwọ̀n dání torí mo fẹ́ lọ tún àwọ̀n ṣe, ló bá gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n dúró ti ògiri. Ó ta okùn láti gìgísẹ̀ mi dé àtàrí, ó gé e. Ó wá ká a sí méjì ọgbọọgba, ó fi yí ikùn mi ká lórí ìdodo. Ó ní ìlàjì gíga èèyàn yẹ kó lè yí ikùn ẹ̀ ká, kí ẹnu okùn sì kan ara wọn. Tèmi ò kan ara wọn o. Ọwọ́ mi odindi lè sùn sínú àlàfo yẹn.

Mo fẹ́ jiyàn. Mo ní okùn àwọ̀n máa ń sún kì tó bá gbẹ.

Ó ní, "Okùn ò sún kì. Ọ̀rá tó wà nítan àti ní ìdí, àlejò jẹ́jẹ́ ni. Èyí tó wọnú ikùn lọ, tó ń yí ẹ̀dọ̀ àti ọkàn ká, òun ló ń jà."

Mo tún padà lọ bá a lọ́jọ́ Jímọ̀ọ́ tó kọjá, nítorí ẹ. Mo sọ gbogbo ohun tí ìyá ẹ sọ fún un. Mo kọ́kọ́ bi í pé ṣé kì í ṣe oyún ni nǹkan oṣù tí ò wá yẹn. Ó wò mí bí ẹni tó mọ ìtàn ìdílé wa. Ó ní kó o lọ sí ọsibítù ní Àkúrẹ́ kí wọ́n ṣàyẹ̀wò, kí wọ́n yọ iyè méjì kúrò, àmọ́ ó ní ọmọbìnrin tó ń lúwẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́ tó wá ń fi kùkúmbà gbé ara, kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ó ní obìnrin máa ń ní ọ̀rá ju ọkùnrin lọ, bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Ọ̀rá yẹn ló ń ràn án lọ́wọ́ láti ṣe nǹkan oṣù, láti lóyún, láti fọ́mọ lọ́yàn, kí egungun ẹ̀ sì le. Ó ní nọ́ńbà tí ìwé kan kọ yàtọ̀ sí ti òmíràn, àmọ́ obìnrin ọjọ́ orí ẹ tí ọ̀rá ẹ̀ wà láàárín ogún sí ọgbọ̀n lé díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, tí ikùn ẹ̀ ò yọ, tí ìfúnpá ẹ̀ dáa, kò sí aburú kankan níbẹ̀. Ọgbọ̀n rẹ wà nínú ẹ̀. Ó ní àwọn eléré ìje kan wà tí ọ̀rá wọn jẹ́ méjìdínlógún, wọ́n sì ń jẹun bí ẹṣin, ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi débẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi ebi débẹ̀ ní oṣù mẹ́ta tí ò san nǹkan kan dípò.

Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò lè gbàgbé. Ó ní, "Nígbà ìyàn, ara máa ń ti ilẹ̀kùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀kùn ọmọ ló kọ́kọ́ máa ń tì."

Àbẹ̀kẹ́, màdáámù ẹ ló wà níbi ilẹ̀kùn yẹn, ìwọ lo sì ń bá a ti í.

Mi ò sọ pé kó o sanra o. Má lọ torí lẹ́tà mi máa jẹ òkìtì mẹ́ta. Ọ̀rá tó pọ̀ jù fẹ́ pa mí, èyí tó kéré jù náà sì lè pa èèyàn. Nígbà tí mo kúrò lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì lọ́jọ́sí, mo jẹ òkìtì kan dípò mẹ́ta, mo sọ mílíìkì agolo nù, mo padà sídìí ẹ́ńjìnnì gbígbé, mo sì máa ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ kékeré lọ sí Etikan tí mi ò bá gbé èrò. Ó gbà mí tó ọdún kan. Nígbà tí mo tún rọ̀ mọ́ ìkọ́ elédé, kílò mẹ́ta péré ló lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín pé gbogbo ariwo yẹn, kílò mẹ́ta. Àmọ́ okùn àwọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, ìfúnpá mi wálẹ̀, mo sì fò padà sínú ọkọ̀ látinú omi lójú gbogbo èbúté, pẹ̀lú ṣòkòtò mi nídìí mi.

Ó kan ẹ̀rọ màdáámù báyìí. Mi ò rántí bóyá ẹ̀kẹta ni àbí ẹ̀kẹrin, ìwọ fi nọ́ńbà tó wù ẹ́ sí i.

O rántí ọjọ́ tí mo gbé bẹ́ẹ̀dì ẹ wá sí Àkúrẹ́. Ìwọ wà nínú omi pẹ̀lú àwọn obìnrin ẹ, mo jókòó sí iwájú, ẹ̀rọ náà wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó jókòó sídìí tábìlì ní kí n gun ún, ọ̀fẹ́ ni fún àlejò. Mo bọ́ bàtà, mo gun ún. Ẹ̀rọ ò rí nǹkan kà. Mo tún un gùn, ó tún kọ̀. Ọmọbìnrin yẹn wo àtẹ́lẹsẹ̀ mi, ó ní ó ti le jù. Ó ní ẹ̀rọ náà máa ń rán iná kékeré gba àtẹ́lẹsẹ̀ lọ sínú ara, ó máa ń rọrùn fún iná náà láti gba inú omi àti ẹran ara, ó máa ń ṣòro fún un láti gba inú ọ̀rá, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń ṣírò iye ọ̀rá. Iná ò lè wọ ẹsẹ̀ awakọ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Ó fi omi nu ẹsẹ̀ mi, ó wá kà: mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Rántí pé láti òwúrọ̀ ni mo ti wà nínú mọ́tò, oòrùn ti pa mí, ẹnu mi gbẹ. Mo mu omi, mo sinmi lábẹ́ fáànù títí o fi ṣíwọ́ iṣẹ́, mo lọ tọ̀, mo tún un gùn: mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Bàbá kan ṣoṣo, ọ̀sán kan ṣoṣo. Ṣé mo tọ ọ̀rá dànù ni?

Edé tútù àti edé gbígbẹ náà nìyẹn o. Ẹ̀rọ náà kì í rí ọ̀rá. Omi ló ń rí, ó wá ń fi orí ṣírò ọ̀rá. Mi ò sọ pé òpùrọ́ ni. Ó ń sọ ohun tó rí, bíi ti ẹni tó dúró létí odò tó ń méfò iye ẹja tó wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó dáadáa, kó máa gùn ún ní àsìkò kan náà, láàárọ̀ kó tó jẹun, lẹ́yìn tó bá ti tọ̀, kó sì máa wo bó ṣe ń lọ láti oṣù dé oṣù, kó má wo nọ́ńbà ọjọ́ kan bí ẹni wo ọ̀run. Àwọn mìíràn ń fi irin kékeré kan bí ẹ̀mú há awọ ara mú láti mọ bí ọ̀rá abẹ́ ẹ̀ ṣe nípọn. Nọ́ọ̀sì ní ìyẹn náà dá lórí ọwọ́ ẹni tó dì í mú. Kò sí èyí tó tó kéèyàn fi ebi pa ara ẹ̀ nítorí ẹ̀.

Gbọ́ èyí náà, èmi ò ní fi nọ́ńbà sí i rárá. Nígbà tó o wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún, à ń sún mọ́ èbúté Oríòkè-Ìwàmímọ́ nígbà tí ọkọ̀ àjẹ̀ kan tó wà níwájú wa dojú dé. Mi ò tíì pa ẹ́ńjìnnì tó o fi wà nínú omi. Ìyá elédé kan ló ń rì, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó fa ṣòkòtò mi, tó sanra jù ẹ́ lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbá ẹ mọ́ra bí ẹni tó ń rì ṣe máa ń ṣe. O ò bá a jà. O bọ́ sábẹ́ ẹ̀, o gbé e jókòó lórí itan ẹ, o fi ẹsẹ̀ gbá omi, o sì tì í sókè tí mo fi rí ọwọ́ ẹ̀ gbá mú. Itan yẹn ni màdáámù ẹ ń wò tó ń pè ní ọ̀rá. Ìyá yẹn wà láàyè. Ó ra ẹja lọ́wọ́ ìyá ẹ lánàá, ó ní kí n kí ẹ. Mi ò lè sọ fún un pé o ti ń ta itan náà dànù nítorí fọ́tò.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó o máa ṣe báyìí.

O ò gbọ́dọ̀ wọ omi pẹ̀lú ẹnikẹ́ni mọ́ títí tó o fi jẹun dáadáa fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, tí òòyì ò sì kọ́ ẹ. Mi ò bẹ̀ ẹ́ lórí ìyẹn. Àṣẹ ni, ìwọ̀nba àṣẹ tó kù fún mi lórí ẹ nìyẹn, mo sì ń ná an tán lẹ́ẹ̀kan náà. Obìnrin tó rọ̀ mọ́ ẹ lọ́rùn ò mọ̀ pé ebi ló rọ̀ mọ́. Lọ sí ọsibítù bí nọ́ọ̀sì ṣe wí. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, nítorí náà jẹun kó o tó lọ bá màdáámù. Má lọ bá a pẹ̀lú ojú tó ń ṣú.

Tó o bá dé iwájú ẹ̀, má kúnlẹ̀ jù, kí i dáadáa, kó o wá sọ báyìí: "Mà, olùkọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ni ẹ gbà mí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pátákó, káfíńtà wà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n gun ẹ̀rọ, màá gùn ún, àmọ́ nọ́ńbà tó bá mú wá, mi ò ní fi ebi tún un ṣe." Tí ọ̀rọ̀ káfíńtà yẹn bá le jù lẹ́nu ẹ, yọ ọ́. Àmọ́ ó máa dùn mọ́ mi tó o bá fi sílẹ̀.

Ó lè lé ẹ. Mi ò ní parọ́ fún ẹ pé kò lè ṣe é. Iṣẹ́ yẹn dùn mọ́ ẹ, mo rí ojú ẹ lọ́jọ́ yẹn nígbà tí obìnrin àgbàlagbà kan kọ́kọ́ dá léfòó tó ń sunkún ayọ̀. Mi ò ní kó o fi iṣẹ́ sílẹ̀, mi ò sì ní kó o wá wà nílé. Ohun tí mò ń sọ ni pé tí wọ́n bá lé ẹ, kí wọ́n lé ẹ ní odindi. Èmi jókòó láàárín èrò nínú ọkọ̀ ara mi fún ọjọ́ méje, mi ò kú. Ìtìjú máa ń gbẹ. Ẹni tó bá rì kì í gbẹ.

Ó ku okùn.

Wàá rí okùn àwọ̀n méjì nínú páálí lábẹ́ ẹja. Funfun ni tìẹ. O rántí ibi tá a fàlà sí lára òpó ilẹ̀kùn lọ́jọ́ tó ò ń lọ sí Àkúrẹ́, tó ò ń pariwo pé o ti ga ju ìyá ẹ lọ? Gíga yẹn ni mo fi wọ̀n ọ́n. Ká a sí méjì, fi yí ikùn ẹ ká lórí ìdodo láàárọ̀, má fa ikùn sínú, mo mọ̀ ẹ́. Ibi tó bá dé, ta kókó sí i.

Dúdú ni tèmi. Mo wọ̀n ọ́n lánàá níwájú ìyá ẹ. Mo ti fẹ́ sọ fún ẹ pé ẹnu ẹ̀ kan ara wọn, mo tiẹ̀ ti kọ ọ́ sórí bébà mìíràn, ìyá ẹ ló ní kí n fà á ya. Ó ku ìka méjì, Àbẹ̀kẹ́. Ọdún méjì sẹ́yìn, ìka kan ló kù. Mílíìkì agolo ti ń padà wọlé díẹ̀díẹ̀. Mo ta kókó síbi tó dé, o máa rí i. Mo ń gbé ẹ́ńjìnnì láti àárọ̀ yìí. Ìwọ jẹun, èmi máa dín tèmi kù, ká wo ẹni tó máa kọ́kọ́ dé ibi tó yẹ kó dé. Mi ò rò pé o lè borí mi.

Awakọ̀ tó gbé páálí yìí wá ń padà sí Igbókòdá lọ́jọ́ Sátidé. Fún un ní okùn funfun yẹn pẹ̀lú kókó ẹ. Okùn ni mò ń retí ní èbúté, mi ò fẹ́ fọ́tò.

Bàbá ẹ ni,
tí ẹnikẹ́ni ò pè ní Àpò Edé mọ́, àfi ìyá ẹ.